Oúnjẹ Ọ̀wẹ̀ Kì Í Ṣe Owó Ọ̀yà: Àlàyé lórí Owó tí Ìjọba Ń Ná sí Iṣẹ́ Ìsìnlú

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn yìí ní kí n kọ nǹkan lórí iṣẹ́ ìsìn, mo rò ó pé ìwàásù lórí ọ̀rọ̀ náà kò wọ́n wa nínú ilé ìsìn. Ohun tí a kì í sábà sọ ni iye tí iṣẹ́ ìsìn ń náni, àti ẹni tó yẹ kó san án. Nítorí náà, n ó ṣe àlàyé lórí owó tí ìjọba ń ná sí ètò àgùnbánirọ̀, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba ń jẹ́ NYSC. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ọmọ tí yóò ti ibí lọ sí yunifásítì. Ó sì kan ilé-ẹ̀kọ́ yìí fúnra rẹ̀, nítorí àwọn àgùnbánirọ̀ ń kọ́ni nínú kíláàsì wa lọ́dọọdún.

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Èkíní ni pé bí ọ̀dọ́ kan bá ń gbowó lóṣooṣù, ṣé a ṣì lè pe ohun tó ń ṣe ní ìsìn? Èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ní orílẹ̀-èdè tí oògùn kò tó nílé ìwòsàn, tí àga kò tó nílé ìwé, ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí ìjọba máa kó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà lé ètò ìsìnlú lórí?

Àwọn baba wa ti fún wa ní ìmọ́lẹ̀ lórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ oko. Ọ̀kan ni àáró, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, tí wọ́n ó sì lọ sóko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá ilé ló fẹ́ mọ, bóyá igbó ńlá ló fẹ́ ṣán, yóò bẹ ẹbí, àna àti ará àdúgbò pé kí wọ́n wá gba òun. Kò ní san ọ̀yà fún wọn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ se oúnjẹ, kó sì pèsè ohun mímu. Bí kò bá bọ́ wọn, ìtìjú ni fún un, àwọn tí yóò sì jẹ́ ìpè rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn kò ní pọ̀. Kò sí ẹni tó ń ka òkèlè láti fi díwọ̀n iye ebè tí ẹnì kan kọ. Ohun tí oúnjẹ yẹn wà fún ni kí agbára má bàa tán nínú ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àti kí ẹni tí kò ní nǹkan nílé náà lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde.

Bí mo ṣe rí owó tí ìjọba ń fún àgùnbánirọ̀ nìyẹn. Oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ni. Ìjọba ló bẹ ọ̀wẹ̀, ìjọba ló gbọ́dọ̀ dáná. Bí a bá mú òye yìí lọ́wọ́, yóò rọrùn fún wa láti mọ ibi tí ètò náà ti tọ́ àti ibi tó ti ń mẹ́hẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Ó fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ àti ìfura láàárín ẹ̀yà kan sí èkejì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé òfin kẹrìnlélógún ọdún náà jáde, òun ló sì dá ètò ìsìnlú yìí sílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, tó jẹ́ kọmíṣánnà fún ètò ọrọ̀ ajé àti àtúnkọ́ ìlú nígbà náà, ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ọ̀gágun Ahmadu Ali sì ni olùdarí àgbà àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ 2,364 ni wọ́n sìn ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀ náà. Lónìí, iye àwọn tó ń sìn lọ́dún kan ti ju 200,000 lọ dáadáa.

Ìjọba ológun tún òfin náà kọ ní ọdún 1993. Nígbà tí a padà sí ìjọba alágbádá, ìwé òfin ọdún 1999 dárúkọ rẹ̀ ní abala 315 pẹ̀lú àwọn òfin mẹ́ta mìíràn tí a kò lè yí padà bí a ṣe ń yí òfin lásán padà. Ẹni tó bá fẹ́ pa ètò náà rẹ́ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà tí a ń gbà ṣe àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa, èyí tó ń béèrè ìfọwọ́sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àpapọ̀ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Èyí ló fà á tí ariwo pé kí a fagi lé e fi máa ń dìde tó sì máa ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí abala náà kò ṣe. Ó dáàbò bo orúkọ ètò náà, kò sì dáàbò bo àpò rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí owó rẹ̀ nínú ètò ìṣúná.

Kí ni a ń fi owó náà ṣe? Ẹ wo ìrìn àjò ọ̀dọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n á gbà á sí àgọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn á fún un ní aṣọ kákí, bàtà, ibùsùn àti oúnjẹ. Wọn á fún un ní owó ọkọ̀, wọn á sì rán an lọ síbi iṣẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Yóò máa gba owó àjẹmọ́nú, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní aláwì, títí ọdún kan yóò fi pé. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san aláwì náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló yẹ kó pèsè àgọ́, kó sì máa tún un ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tó yẹ kó ran àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́ láti fìdí kalẹ̀ láàárín ìlú. Ibi iṣẹ́ ni a sì ń retí pé kó wá ilé tàbí owó ọkọ̀ fún un. Ẹ ó rí i pé ìkòkò ọ̀wẹ̀ yìí kò dá dúró lórí ààrò kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹnì kan nínú àwọn alásè bá kọ̀ láti mú igi wá, oúnjẹ kì í jinná.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń pinnu iye aláwì yẹ fún àkíyèsí. Ní ọdún 2011, owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ nílẹ̀ wa jẹ́ ₦18,000. Aláwì sì di ₦19,800. Ní ọdún 2019, owó oṣù náà di ₦30,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, aláwì di ₦33,000. Ní ọdún 2024, owó oṣù náà di ₦70,000. Wọ́n sì kéde pé aláwì di ₦77,000. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ ni wọ́n mú, tí wọ́n sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e. Àwa tí a mọ ìdámẹ́wàá nínú ìjọ kò ní ṣòro fún láti rántí ìṣirò yìí.

Ohun tó dára wà nínú rẹ̀: ìwọ̀n kan wà, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó sínú ọ́fíìsì tó sì fọwọ́ mú iye tó wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo àwọn ọdún yẹn. Láti 2011 títí di ìparí 2019, aláwì kò kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni iye owó gaàrí, ìrẹsì àti epo mọ́tò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Owó tó ń bọ́ ènìyàn fún oṣù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di owó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún un gbé yẹ̀ wò. Òfin owó oṣù ti ọdún 2024 sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò. Ó yẹ kí àwa ará ìlú máa ka ọdún náà lọ́wọ́, kí a sì máa rán àwọn aṣòfin wa létí.

Ọ̀nà jíjìn tún wà láàárín ìkéde àti àpò ọmọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni a gbọ́ pé ₦77,000 ti di òfin láti oṣù Keje ọdún náà. Àmọ́ ètò ìṣúná ọdún 2024 ti jáde ṣáájú ìpinnu yìí. Nítorí náà, ₦33,000 ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbà lọ, títí di oṣù Kẹta ọdún 2025 tí owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìkéde náà, tó sì parí rẹ̀ kí oṣù yẹn tó dé, orí rédíò nìkan ló ti gbọ́ ₦77,000. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìpele mẹ́ta ni owó ìjọba ń là kọjá: ẹni tó láṣẹ yóò fọwọ́ sí iye náà, àwọn aṣòfin yóò fi í sínú ètò ìṣúná, ilé iṣẹ́ ìṣúná yóò tú u sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìlérí, ẹ béèrè ìpele tó wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò iye tó ń náni nísinsìnyí. ₦77,000 lóṣù yóò di ₦924,000 lọ́dún fún ọmọ kan. Fún ọmọ 200,000, ó di bílíọ̀nù náírà 184.8, a kò sì tíì ka aṣọ, àgọ́ àti owó àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà. Owó ńlá ni. N kò bá ẹni tó ń béèrè bóyá ó tọ́ jà, nítorí owó gbogbo wa ni.

Láti dáhùn rẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ẹni tí yóò jìyà bí owó náà bá dúró. Ọmọ olówó kò ní jìyà. Bàbá rẹ̀ yóò rán owó sí i níbikíbi tó bá wà, tàbí kó wá ọ̀nà láti jẹ́ kí wọ́n fi í sí ìlú ńlá. Ọmọ opó tí a rán lọ sí abúlé kan tó jìnnà sí títì ni aláwì wà fún. Nígbà tí owó náà kò bá tó jẹun, tí ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò sì ní yàrá tí yóò fún un, yóò tọrọ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ìlú mìíràn. A kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá di ẹrù rẹ̀, àwọn ọmọ abúlé náà pàdánù olùkọ́ ìṣirò tàbí olùkọ́ físíìsì kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ètò tí a dá sílẹ̀ kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà lè jọ sin ilẹ̀ kan náà yóò wá di ètò tó ń kó ọ̀dọ́ jọ sí ìgboro.

Èmi náà sìn ní apá Òkè Ọya ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Yàrá méjì tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fún àwa mẹ́rin, a kò sì san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé ìfẹ́ ìsìn wa ju ti àwọn ọmọ òde òní lọ. Ẹni tó bẹ wá lọ́wẹ̀ ló dáná.

Òtítọ́ tún ni pé àléébù ètò náà kì í ṣe ti owó nìkan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, lẹ́yìn ìdìbò, wọ́n pa àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìdìbò ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ọ̀fọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn òbí, ó sì tọ́ kí ààbò jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ìjọba yóò náwó sí. Bákan náà, bí ìpínlẹ̀ kan bá kọ̀ láti gba olùkọ́ síṣẹ́ nítorí pé àgùnbánirọ̀ ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti sọ ọ̀wẹ̀ di ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Àwọn ènìyàn kan ń pe ètò yìí ní ìsìnrúùlú. Bí a kò bá bọ́ ọmọ, tí a kò dáàbò bò ó, tí a sì fi í dí àyè òṣìṣẹ́ tó yẹ kí a sanwó fún, a ti mú kí apá ẹrú inú orúkọ náà ṣẹ.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń fa àríyànjiyàn. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ní ọdún 1993 dá AmeriCorps sílẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n fi dandan mú wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá wù ló ń yọ̀ǹda ara rẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba ń fún wọn ní owó tí wọ́n ó fi jẹun, àti ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n bá parí. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba irú owó ìjọba bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mú ìpín tiwọn náà wá láti ibòmíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ ṣàdédé dá owó tó tó nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àti àdúgbò ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé láìtíì parí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé ẹni tó bá gbé gbogbo ẹrù ìsìn lé àpò ìjọba nìkan, orí okùn kan ṣoṣo ló ti so ó kọ́.

Nínú Bíbélì, ìwé Nehemáyà ni mo rò pé ó sọ ọ̀rọ̀ yìí yé ni jù lọ. Nígbà tí Nehemáyà fẹ́ tún odi Jerúsálẹ́mù mọ, kò tijú láti tọrọ lọ́wọ́ ìjọba. Ó gba ìwé lọ́wọ́ ọba sí Asafu, olùtọ́jú igbó ọba, kí ó fún un ní igi. Igi ọba nìkan kò sì mọ odi náà. Orí kẹta ìwé náà ka orúkọ àwọn tó ṣe é: àlùfáà, alágbẹ̀dẹ wúrà, oníṣòwò, àti Ṣallumu pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ń tún apá tó kọjú sí ilé wọn ṣe. Ó tún sọ láìfi bò pé àwọn ọlọ́lá Tekoa kò fi ọrùn wọn sábẹ́ iṣẹ́ náà.

Orí karùn-ún ni àwọn oníwàásù kì í sábà dé. Níbẹ̀ ni àwọn tó ń mọ odi ti figbe ta pé ebi ń pa àwọn, pé àwọn ti fi oko àti ọgbà àjàrà dógò. Nehemáyà kò sọ fún wọn pé ẹni tó ń sin Ọlọ́run kì í ráhùn. Ó bínú sí àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń gba èlé, ó ní kí wọ́n dá oko padà. Òun fúnra rẹ̀ kọ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà fún ọdún méjìlá, ó sì ń bọ́ àádọ́jọ ènìyàn lórí tábìlì rẹ̀. Ọba mú igi wá, àwọn ará ìlú mú apá wá, olórí mú oúnjẹ wá. Bẹ́ẹ̀ ni odi fi dìde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò ṣòroó rí. A kò lè san aláwì. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀wẹ̀ yìí, àwa náà wà lára àwọn tó pe ènìyàn. Ní gbogbo ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ wa bá kọ̀wé pé òun fẹ́ àgùnbánirọ̀, ó ti bẹ ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, mo fi ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ní àkókò àyájọ́ yìí. Kí a tún ilé kan ṣe nínú ọgbà fún àwọn àgùnbánirọ̀, kó ní omi, iná àti ilẹ̀kùn tó dúró ṣinṣin, kí àwọn ọmọbìnrin lè sùn láìfòyà. Kí àwọn ìdílé tó wà nítòsí máa gbà wọ́n sórí tábìlì ní ọjọ́ Ìsinmi, láìka ìjọ tàbí ẹ̀sìn tí ọmọ náà ń ṣe sí. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì yan ẹnì kan tí yóò máa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ wa, kí ìpín tiwọn má bàa di ohun ìgbàgbé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní kíláàsì àṣekágbá, ọdún ìsìn tiyín ń bọ̀. Nígbà tí ẹ bá gba aláwì yín, ẹ má ṣe fi ojú ọ̀yà wò ó, kí ẹ sì wá máa fi ìwọ̀n rẹ̀ díwọ̀n agbára tí ẹ ó lò fún ọmọ ẹlọ́mọ. Ẹ má sì ṣe tijú láti béèrè fún un nígbà tó bá pẹ́. Ẹni tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí ìkòkò dé, bí ọkọ́ kò bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó mú ilé-ẹ̀kọ́ yìí dé ọdún yìí máa bá a gbé. Kí Ó sì jẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ tí a bá rán sí wa bá iná nínú ààrò wa.